Àwẹ̀ró, Ọmọ Tí Wọ́n Sọ ní Ẹ̀gà

Opó kan wà ní Òkè-Amọ̀ láyé àtijọ́, Ẹfúnwùmí ni wọ́n ń pè é. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí tó yè, ọmọbìnrin, Àwẹ̀ró ni oríkì rẹ̀. Òkè-Amọ̀ kì í ṣe ìlú àgbẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò gba iṣu, kò sì gba àgbàdo. Amọ̀ ló kún inú rẹ̀, ìkòkò ni wọ́n ń mọ jẹun. Ọmọbìnrin tí kò bá mọ ìkòkò mọ níbẹ̀, àfi kó máa ṣẹ́gi kiri fún àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ẹfúnwùmí mọ èyí. Ikọ́ kan sì ti gbé e dè láti ìgbà ọyẹ́, ikọ́ tí kò gbọ́ àgbo. Ohun kan ló ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní gbogbo òwúrọ̀: kí Àwẹ̀ró mọ iṣẹ́ kí ikọ́ náà tó pa òun.

Àwẹ̀ró kì í ṣe odi, kì í sì í ṣe wèrè o. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí irọ́ tí wọ́n pa mọ́ ọmọ náà pọ̀. Kì í wo ojú ènìyàn. Bí ariwo bá pọ̀, yóò fi ọwọ́ di etí rẹ̀ méjèèjì, yóò máa mì síwá sẹ́yìn. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lójijì, igbe ló máa gbọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ya ará ìlú lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Kì í to ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bí àwa yòókù ṣe ń tò ó. Ọ̀rọ̀ tó bá ti gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn lọ́jọ́ kan, odindi rẹ̀ ló máa ń gbé kalẹ̀. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, yóò ní, "Ẹ kú ìrìn o, ẹ bu omi fún àlejò." Bí inú bá ń run ún, yóò ní, "Àgbo yìí mà korò o!" Bí inú rẹ̀ bá sì dùn, ẹ ó gbọ́ ọ tí yóò máa wí pé, "Òjò ti dá, ẹ jáde wá ṣeré," bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn ganrínganrín.

Ọ̀kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí Ẹfúnwùmí kì í fi ṣeré. Lọ́dún tí òjò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, baba Àwẹ̀ró sùn lọ́sàn-án nínú iyàrá rẹ̀. Aládùúgbò wọn kan rí ògiri tó ń wú bọ̀ lẹ́yìnkùlé, ó figbe ta, Àwẹ̀ró sì wà níbẹ̀ tó ń gbọ́: "Ẹ jáde, ògiri ń mí!" Kí ọkùnrin náà tó lajú, ilé ti wó lù ú. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá fẹ́ wó, ìbáà ṣe pẹpẹ, ìbáà ṣe igi tí wọ́n tò jọ, Àwẹ̀ró á dúró ṣánṣán, á ní, "Ẹ jáde, ògiri ń mí." Kì í pariwo sí i. Ẹfúnwùmí kì í bèèrè ìdí tí ó bá ti gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ ló máa ń gbé. Ìkòkò tó kún orí àjà ì bá ti fọ́ mọ́ ọn lórí lọ́jọ́ kan, àfi bó ṣe ta kìjí kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Àgbà Ọ̀ṣúnbíyìí ni olórí àwọn amọ̀kòkò. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ìlú níṣẹ́, abẹ́ igi ọ̀pẹ ní ìsàlẹ̀ ìlú ló sì ti ń kọ́ wọn. Ẹyẹ ẹ̀gà ló kún orí àwọn ọ̀pẹ náà. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń pàtótó, ẹnu wọn kì í sinmi. Lọ́jọ́ tí Ẹfúnwùmí mú ọmọ rẹ̀ débẹ̀, ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọmọ yìí lè kọ́ ọ. Ẹ ṣáà má fi ẹnu nìkan sọ ọ́ fún un, ẹ fi ọwọ́ hàn án. Ẹ jẹ́ kó jókòó síbi tí ariwo ò ti pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn, ẹ tètè sọ fún un, ẹ má já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà, mo lè kọ́ yín ní ìtumọ̀ rẹ̀. Kò pọ̀."

Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Kí ló kù? Ṣé kí n máa pọ̀n ọ́n náà ni? Ẹfúnwùmí, àtẹ́wọ́ kan, orin kan, ìgbésẹ̀ kan ni mo fi ń kọ́ ọmọ. Bí mo ṣe kọ́ ìwọ náà nìyẹn. Èmi ni n ó kọ́ ọmọ ni àbí ọmọ ni yóò kọ́ mi?"

"Ìyá, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ..."

"Tàgbà ò wọ kèǹgbè, mo ti gbọ́. Fi í sílẹ̀, kí o máa lọ."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀: ọmọ kọ̀ọ̀kan á da ìdí ìkòkò àtijọ́ délẹ̀, á tẹ́ amọ̀ lé e lórí, á wá máa fi ẹ̀yìn rìn yí i ká. Ìyá Àgbà á máa pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn á máa kọrin, wọn á sì jọ máa gbẹ́sẹ̀. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ìyà gbáà ni fún Àwẹ̀ró. Etí ni ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà, ọwọ́ wo ni yóò wá fi mọ ìkòkò? Ìyá Àgbà á fa ọwọ́ náà kúrò létí rẹ̀, ọmọ á figbe bọnu, pàṣán á sì tẹ̀lé e. Bó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sílẹ̀ nínú ẹkún, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á wo orí ọ̀pẹ, wọ́n á ní, "Ẹ̀gà! Ọ̀kan já bọ́ sílẹ̀ o!" Orúkọ tó mọ́ ọn lórí nìyẹn. Àyọ̀ká nìkan, ọmọ ọmọ Ìyá Àgbà, ni kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà kàn máa ń bu amọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì kọjá lọ jẹ́jẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ẹfúnwùmí wá mú ọmọ rẹ̀. Àwọn yòókù ti lọ sílé. Ó bá Àwẹ̀ró lóun nìkan, tó ń yí ìkòkò po láìsí orin, tó ń fi ṣùkù àgbàdo ra á lára. Ìkòkò ọ̀hún gún, ẹnu rẹ̀ rí roboto, kò sí ibi tó wú tàbí ibi tó fẹ́lẹ́. Ẹfúnwùmí ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sáré pe Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà wò ó yí ká. "Ó dára," ló wí. "Ṣùgbọ́n kò bá ẹgbẹ́ mọ ọ́n, mi ò lè kà á kún." Ló bá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìkòkò náà rẹ́ padà sínú amọ̀. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni tí wọ́n fi iná jó. Ẹfúnwùmí fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbé e mì. Ta ni yóò kọ́ ọmọ rẹ̀ bó bá bá ìyá yìí jà? Ó padà dá ara rẹ̀ lẹ́bi títí lórí ọ̀rọ̀ tó gbé mì lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yìn òjò àkọ́rọ̀ ni wọ́n máa ń lọ wa amọ̀ létí odò. Abẹ́ bèbè ni amọ̀ tó dára wà, wọ́n sì máa ń gbẹ́ ẹ wọlé bí ihò. Èèwọ̀ kan wà tí wọn kì í fi ṣeré níbẹ̀: a kì í sọ̀rọ̀ lórí amọ̀ tí a kò tíì gbé sórí. Wọ́n ní amọ̀ ń gbọ́, pé ìkòkò tí wọ́n bá fi amọ̀ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ, yóò là nínú iná. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti dé bèbè, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n ti kó gbogbo ọmọ náà lọ lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Ẹfúnwùmí bá wọn lọ, ṣùgbọ́n ikọ́ ò jẹ́ kó lè panu mọ́, Ìyá Àgbà bá fi ọwọ́ júwe fún un pé kó gbé ẹrù tirẹ̀ kó máa lọ. Ó gbéra. Bí kò bá gbéra ńkọ́? Ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀.

Ẹnu àwọn ọmọ tó kù ló ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní Àyọ̀ká àtàwọn méjì wà nínú ihò, wọ́n ń gbẹ́ amọ̀ fáwọn ará òde. Àwẹ̀ró dúró lókè, ó dojú kọ bèbè. Ló bá la ẹnu: "Ẹ jáde, ògiri ń mí." Gbogbo wọn fò sókè. Ìyá Àgbà fi ìka lé ètè. Àwẹ̀ró tún wí: "Ẹ jáde, ògiri ń mí." Ìyá Àgbà nà án ní pàṣán lẹ́yìn ẹsẹ̀. Ó tún wí. Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín sínú: ògiri wo ló wà létí odò? Inú wá bí Ìyá Àgbà gidigidi, nítorí amọ̀ ọdún kan lọmọ yìí ń fi ẹnu bàjẹ́. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi di ọmọ náà lẹ́nu, ó sì so ó mọ́ ọn lẹ́yìn orí. Òun fúnra rẹ̀ wá rú èèwọ̀, ó bú jáde: "Ẹ̀gà! Pàtótó, pàtótó, ṣé o ò rí bí ẹgbẹ́ rẹ ṣe panu mọ́ ni?"

Wọ́n ní Àwẹ̀ró ò tú gèlè náà. Ó kàn ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá afẹ́fẹ́ sí ìta, sí ìta, bí ẹni tó ń lé adìyẹ. Bèbè ya.

Ẹfúnwùmí gbọ́ igbe lójú ọ̀nà, ó da ẹrù nù. Nígbà tó fi débẹ̀, wọ́n ti fa méjì jáde, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń pọ amọ̀. Àyọ̀ká ni wọn ò tètè rí. Nígbà tí wọ́n rí i, kò sí ẹ̀mí lára rẹ̀ mọ́. Ìyá Àgbà jókòó sínú ẹrẹ̀, ó gbé ọmọ náà sí itan, ó ń fi ìka yọ amọ̀ nínú imú rẹ̀. Àwẹ̀ró dúró síbi tó wà, tòun ti gèlè lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ ló tú u. Ó bi àwọn ọmọ yòókù léèrè pé kí ló sọ tí wọ́n fi dì í lẹ́nu, wọ́n sì sọ fún un.

Ẹfúnwùmí ò lè pariwo. Ó yíjú sí Ìyá Àgbà, ó ní, "Mo ní kí n kọ́ yín. Mo ní kò pọ̀."

Wọ́n sìnkú Àyọ̀ká. Àwọn kan kọ́kọ́ ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ẹnu Àwẹ̀ró ló pa á, pé èèwọ̀ ló rú. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ ìtàn baba rẹ̀ àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ojú tì wọ́n. Ìtìjú kò sì sọ òkú di alààyè. Èyí tó wá korò jù ni pé láti ọjọ́ náà, Àwẹ̀ró ò sọ̀rọ̀ mọ́. Kò bu omi fún àlejò mọ́, kò sọ pé àgbo korò mọ́. Òjò dá títí, kò ní kí ẹnikẹ́ni jáde wá ṣeré. Ìyá rẹ̀ á gbé omi síwájú rẹ̀, á gbé oúnjẹ, á máa wojú rẹ̀ bóyá èyí ló ń fẹ́ ni àbí tọ̀hún. Gbólóhùn díẹ̀ tí òun àti ọmọ rẹ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ẹfúnwùmí a máa wúkọ́ ní kọ̀rọ̀, a máa ronú pé, "Èmi pàápàá tí mo gbọ́ èdè rẹ̀ rèé, kò sí ohun tí mo gbọ́ mọ́. Bí mo bá wá kú ńkọ́?"

Ọdún yí po. Amọ̀ tán nílùú, ẹ̀rù sì ń ba gbogbo obìnrin láti wọ abẹ́ bèbè. Ni wọ́n bá kó ara wọn jọ wá sílé Ẹfúnwùmí, wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí Àwẹ̀ró bá wọn wo ibi tuntun tí wọ́n fẹ́ gbẹ́. Wọ́n mú un lọ. Àwọn tó ń pè é ní ẹ̀gà lánàá wá rọra ń tẹ̀lé e bí ìyàwó. Ìyá Àgbà Ọ̀ṣúnbíyìí kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó yẹ kó máa kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ó ń mí? Sọ ọ́. Bí o bá fẹ́, máa sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, èmi ó gbọ́."

Àwẹ̀ró wo bèbè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀, kò sì mú un kúrò.

Obìnrin kan tí kò ní sùúrù pòṣé lẹ́yìn. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé jàre. Ta ló tiẹ̀ mọ̀ bóyá pàtótó lásán ló ń ṣe nígbà yẹn náà?"

Ẹfúnwùmí yíjú láti fún un lésì, ikọ́ gbé e. Ìyá Àgbà ló dáhùn lórí ìkúnlẹ̀ tó wà. Ó ní, "Pa ẹnu rẹ mọ́. Kò pàtótó rí. Èmi tí mi ò gbọ́ èdè rẹ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ ọmọ mi ni mo sì fi san án."

Ẹfúnwùmí gbọ́ ọ. Gbogbo ìlú gbọ́ ọ. Kò tù ú nínú. Ó fa ọmọ rẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì gba ọ̀nà ilé lọ. Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà ni àwọn tó dúró létí odò náà gbé dé ọjà, òun ni wọ́n sì gbé dé ìlú mìíràn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé: ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹ̀gà ní í sọ pé ẹ̀gà ń pàtótó.