Akíni Ààfin Ìlódò
Látúndé àgbẹ̀ ti jẹ obì iṣẹ́ akíni ààfin tán kí wọ́n tó sọ fún un pé akíni kì í padà sílé títí ọba yóò fi wàjà. Nígbà tó ní òun kò ṣe mọ́, Ọba Ìlódò ní, “Ẹni tó bá jẹ obì mi tó kọ iṣẹ́ mi, oko rẹ̀ di tèmi, àfi bí mo bá fi ẹnu ara mi lé e.” Látúndé dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọba jókòó, Látúndé ní, “Ẹ kú ìjókòó, Kábíyèsí.” Ọba dìde, Látúndé ní, “Ẹ kú ìdìde.” Ọba sín, ọba họ ẹ̀yìn, kò sí èyí tí kò kí i fún, ẹnikẹ́ni kò sì lè bá a wí, nítorí a kì í bá ẹni tó kíni jà. Lọ́jọ́ tí àwọn ọba ìlú mẹ́ta wá ṣe àlejò, inú ń run Kábíyèsí, ó sì yọ́ lọ sí ṣálángá. Látúndé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ohùn tó dé gbàgede ní, “Ẹ kú ìlóṣòó, Kábíyèsí. Ṣé ó ń lọ déédéé?” Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín títí adé fi ń yẹ̀ lórí wọn. Láti inú ṣálángá ni ọba ti dáhùn pé, “Látúndé, mo bẹ̀ ọ́, máa lọ sílé rẹ.” Látúndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, “Ẹ kú ìlénilọ, Kábíyèsí,” ó sì gba ọ̀nà oko rẹ̀ lọ.