Ọkùnrin Tó Ní Òun Ń Rí Àwọn Ọmọdé

Ọkùnrin kan wà tí gíláàsì ojú rẹ̀ kò ní dígí nínú, síbẹ̀ ohun tó fi ń jẹun nìyẹn. Férémù lásán ni, ó tóbi bí ọmọrí ìkòkò méjì. Páálí ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì kùn ún ní pupa. Ní gbogbo Sátidé, bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ bá ti lù, yóò gbé e sójú, yóò sún mọ́ kámẹ́rà ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń bá ṣiṣẹ́, yóò sì wí fún gbogbo ọmọdé ìlú pé, "Mo ń rí yín o." Bọ̀dá Onígíláàsì ni wọ́n ń pè é.

Bó ṣe ń ríran kò le rárá. Àwọn òbí ló ń kọ lẹ́tà sí i. Ìyá kan á kọ ọ́ pé ọmọ òun kì í jẹ ẹ̀wà, bàbá kan á kọ ọ́ pé tòun ṣì ń tọ̀ sórí ẹní. Òun á wá dúró níwájú kámẹ́rà, á dárúkọ ọmọ, á ní òun rí ẹ̀wà tó fi pamọ́ sábẹ́ àga. Ọmọ á bú sẹ́kún nílé, àwọn òbí á máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ mìíràn tilẹ̀ wà tí wọn kì í bọ́ṣọ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe é. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ tó ń mú ọmọ fọ eyín, ta ni yóò bá a wí sí i? Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tirẹ̀ kò tó ogún ọdún.

Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ láti ìgbà tó ti jí. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe bisikíìtì fẹ́ gbé ètò rẹ̀ lọ sí gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n sì fẹ́ ya férémù pupa náà sára páálí bisikíìtì wọn. Ọkùnrin mẹ́ta ló ti ibẹ̀ wá, wọ́n jókòó sẹ́yìn kámẹ́rà, wọ́n ń wò ó. Ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún, ó sì mọ̀ pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í wá lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó di àkókò tí àwọn ọmọdé máa ń pè é lórí fóònù, ẹni kẹta tó pè jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Kò kí i. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ wo màámi."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń wò wọ́n, kí ni wọ́n ṣe?

"Ṣé ẹ ò rí i ni? Wọ́n ṣubú. Ara wọn ń gbọ̀n. Wọn ò dá mi lóhùn mọ́."

Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó bi í bóyá àgbàlagbà mìíràn wà nílé. Ọmọ ní kò sí, bàbá òun wà níbi iṣẹ́ lọ́nà jíjìn, òun àti ìyá òun nìkan ló wà nílé, àti ọmọ tó wà nínú ìyá òun. Fóònù tó fi ń pè ń ké píìpíì, iná inú rẹ̀ ti fẹ́ tán. Lẹ́yìn kámẹ́rà, obìnrin tó ń darí ètò náà fi ọwọ́ júwe pé kó jẹ́ kí àwọn gba ìpè náà kúrò lórí afẹ́fẹ́. Ọkùnrin náà mi orí. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá ti gba ìpè síbòmíràn báyẹn, ó sábà máa ń já.

Ó bi ọmọ náà pé àdúgbò wo ni wọ́n ń gbé.

"Ṣebí ẹ̀ ń rí wa," ni ọmọ náà wí.

Irọ́ kì í fẹ́ dá wà, ó máa ń wá ẹnì kejì. Ọkùnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ń rí wọn, òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà mọ orúkọ àdúgbò wọn ni.

"Ẹ má bá mi ṣeré, Bọ̀dá. Ẹ tètè máa bọ̀."

Ó tún gbìyànjú. Ó ní kó ṣe bí ẹni pé òun kò rí wọn. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní kí ló dé tí Bọ̀dá ń bínú sí òun, òun ti jẹ ẹ̀wà òun tán. Ó rò pé ńṣe ni Bọ̀dá ń fi ìyà jẹ òun.

Ọkùnrin náà wo àwọn mẹ́ta tó jókòó, ó wo obìnrin tó ń darí ètò. Ẹ̀rù bà á, kì í sì í ṣe nítorí obìnrin tó wà nílẹ̀ nìkan ni ẹ̀rù fi bà á, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọdún mọ́kànlá ló gbé sójú yẹn. Fóònù tún ké.

Ó bọ́ férémù náà. Ó gbé e sókè níwájú kámẹ́rà, ó ti ìka bọ inú ihò rẹ̀, ìka náà sì yọ sódì kejì kí gbogbo ọmọdé ìlú lè rí i.

"Kò sí dígí níbẹ̀," ó ní. "N kò rí ọ. N kò rí ẹnikẹ́ni nínú yín rí. Àwọn òbí yín ló ń sọ fún mi."

Ó tẹ́tí. Ó rò pé iná fóònù ti tán.

"Ṣé irọ́ lẹ ń pa fún wa ni?"

"Irọ́ ni mo ń pa. Ìwọ nìkan ló ń ríran nínú àwa méjèèjì. Lọ sójú fèrèsé, kí o sọ ohun tí o bá rí fún mi."

Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ọmọ ní òun rí igi àgbọn tí kò lórí, àrá ló gé orí rẹ̀. Ó rí ilé kan tí wọ́n kùn apá kan rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tí wọ́n sì fi apá kejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rí ewúrẹ́ lórí páànù tí wọ́n fi bo kànga. Ó ń kà á bí ọmọdé ṣe máa ń kà á, kò fo ọ̀kankan, gbogbo ìlú sì ń gbọ́.

Obìnrin kan wà tí òun náà jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó ti ń káàánú ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí a ṣe ń káàánú ará ọ̀nà jíjìn. Nígbà tó gbọ́ nípa igi àgbọn tí kò lórí, ó yíjú sí fèrèsé tirẹ̀. Igi náà wà níbẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti ẹkún tó ń gbọ́. Ó sáré jáde láìwọ bàtà, ọkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Láti inú fóònù ni ọkùnrin náà ti gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Ọmọ ní ìyá òun ti kìlọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ṣé kí òun ṣí i? Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, ọkùnrin yìí ì bá ní òun ti rí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ó bi ọmọ náà pé ohùn ta ló gbọ́. Ó ní ohùn Màmá Mọrẹ́nikẹ́ ni, ará ilé kejì. Ó bi í bóyá ó mọ̀ wọ́n dáadáa. Ó ní òun mọ̀ wọ́n.

"Ṣí i fún wọn," ó ní, fóònù sì kú.

Ó parí ètò náà. Bó ṣe parí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ. Ọ̀sán ti pọ́n kí ìròyìn tó dé pé wọ́n ti gbé obìnrin náà dé ilé ìwòsàn, pé ó ń mí, pé wọ́n ti gbẹ̀bí fún un, ọmọ tuntun náà kéré púpọ̀ ṣùgbọ́n ó ké. Ọkùnrin náà jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ náà, ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n ká ẹ̀wà mọ́ lábẹ́ àga.

Àwọn oníbisikíìtì kò padà wá. Àwọn òbí kan bínú, wọ́n ní ó ti ba àwọn ọmọ àwọn jẹ́. Ó ṣe ètò náà fún ọdún mẹ́fà sí i ní ìlú kan náà, orí tábìlì ni férémù náà sì máa ń wà. Ohun tó fi ń bẹ̀rẹ̀ ni pé, "N kò rí yín o. Ẹ sọ fún mi." Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ọwọ́ àwọn ọmọdé fúnra wọn, wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ. Ohun tó wà nínú wọn kì í ṣe ohun tí òbí ń kọ. Ọ̀kan wà tí obìnrin tó ń darí ètò kà, tó sì gbé e tọ ọlọ́pàá lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ìwọ tí mo ń sọ ìtàn yìí fún, nígbà tí o wá bá mi láàárọ̀ yìí, o ní ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọbìnrin rẹ kò jẹun kánú, pé kò bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́, kí n pè é kí n bá a wí. N kò ní pè é. Láti kékeré rẹ̀ lo ti ń sọ fún un pé ojú kan wà lẹ́yìn orí rẹ, pé kò sí ohun tó lè ṣe tí o kò ní mọ̀. Ó gbà ọ́ gbọ́. Ohunkóhun tó ń ṣe é nínú yàrá yẹn, ó rò pé o ti rí i, ó sì rò pé ńṣe lo dákẹ́. Dìde, máa lọ sílé. Kan ilẹ̀kùn rẹ̀, má fi agbára ṣí i. Sọ fún un pé o kò mọ ohun tó ń ṣe é. Kí o wá jókòó sílẹ̀, kí o sì dákẹ́ títí yóò fi sọ ohun tó ń rí fún ọ.