Ogun Tó Fọ Ọwọ́ Aláró

Láti ìgbà ọmọge ni ọwọ́ Ojúọlápé aláró ti dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Ìlódò ló ń gbé, ṣùgbọ́n òdìkejì odò, ní ilẹ̀ Ọ̀bẹ̀rí, ni wọ́n ti ń gbin èlú tó fi ń rẹ aṣọ.

Nígbà tí àwọn ará Ọ̀bẹ̀rí fi owó lé èlú, inú bí ọba Ìlódò. Ó ní, "Ṣé ká máa ra ohun tí a lè fi ọ̀kọ̀ gbà ni?" Ó kó ogun jọ, ó sì ní kí Ojúọlápé rẹ ẹ̀wù wọn láró.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ọmọ mi, má bá wọn dá sí i. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bá."

Ojúọlápé rẹ́rìn-ín. "Ọjà tiwọn ni, ìyá. Bí a bá ṣẹ́gun, ọ̀fẹ́ ni èlú." Ó da gbogbo èlú tó kù sínú ìkòkò.

Wọ́n ṣẹ́gun lóòótọ́. Ojúọlápé gbé agbọ̀n, ó sọdá odò. Ẹṣin àwọn ọmọ ogun ti tẹ oko èlú pa. Àwọn àgbẹ̀ ti sá lọ, àwọn ará Ọ̀bẹ̀rí tó máa ń ra aṣọ rẹ̀ náà sì ti bá wọn lọ.

Aró inú ìkòkò kú, kò mú aṣọ mọ́.

Nígbà tó yá, ọmọ ogun kan mú ẹ̀wù rẹ̀ tó ti ṣá wá fún àtúnrẹ. Ó wo ọwọ́ obìnrin náà.

"Ìyá aláró, ọwọ́ yín mà ti mọ́ o!"

"Ogun yín ló bá mi fọ̀ ọ́," ni Ojúọlápé wí, ó sì dá ẹ̀wù náà padà fún un.