Ìdí Tí Íditì Kì Í Fi Í Lọ Sílé Àná Mọ́

Nígbà láéláé, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn, ọ̀rọ̀ kan wà lábúlé kan nílẹ̀ Rọ́ṣíà, Íditì lorúkọ rẹ̀, ìyẹn "lọ" lédè wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa sin àwọn èèyàn lọ síbi tí wọ́n bá ń lọ. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé, "Mò ń lọ," láìjẹ́ pé Íditì bá a lọ.

Yìnyín ibẹ̀ máa ń mu èèyàn dé orúnkún. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà ìta wọlé onílé. Ẹnu ọ̀nà lo ti máa bọ́ ọ, wàá sì wọ bàtà ilé tí wọ́n bá gbé fún ọ. Íditì ní tirẹ̀ nílé Èmi, ó ní òmíràn nílé Ìwọ, títí dé ilé Òun, Àwa, Ẹ̀yin àti Àwọn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́ ló ń pààrọ̀ bàtà, tí ìparí orúkọ rẹ̀ sì ń yí pa dà, kò sì ráhùn rí.

Ní ìpẹ̀kun abúlé ni ìyá arúgbó kan ń gbé, Àná lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń tọ́jú gbogbo ìrìn tí èèyàn ti rìn tán. Íditì ló ń kó wọn lọ bá a, kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé ibi tó ti lọ.

Lọ́jọ́ kan, ìkánjú kó sí Íditì lórí. Ó já wọ ilé Àná tòun ti bàtà ìta, ó gbọn ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Yìnyín já sínú iná, iná kú.

Òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìyá arúgbó. "Íditì! O wọ bàtà wọlé mi? Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Jáde! O ò gbọ́dọ̀ tẹ ilé yìí mọ́ láéláé."

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá àgbà, ẹ foríjì mí!"

Àná ti ilẹ̀kùn gbàgà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀ràn dé. Bàbá kan tó lọ kí ọmọ rẹ̀ nílùú míì kò rántí pé òun lọ, kò tiẹ̀ rántí ojú ọmọ náà mọ́. Íditì bú sẹ́kún.

Màmá Ṣọ́lì, aládùúgbò rẹ̀ tóun náà jẹ́ ọ̀rọ̀, gbọ́ ẹkún náà. Kò bá Íditì tan rárá, ṣùgbọ́n òun ló ń gbé igi ìdáná lọ fún Àná.

"Dákẹ́, ọmọ mi. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Máa bá mi la igi, èmi á máa bá ọ kó ìrìn wọn lọ sọ́dọ̀ Àná."

"Ẹ ṣé, mà. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè yára."

Màmá Ṣọ́lì rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ Àná, kí ló ń lé e?"

Ó lọ, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ojú Àná ti ń ṣe bàìbàì, kò bi í bóyá Èmi ló rán an àbí Ìwọ. Ohun tó bi í kò ju pé, "Ṣé ọkùnrin ló lọ, àbí obìnrin, àbí nǹkan, àbí wọ́n pọ̀?" Bó bá ti dáhùn ni Àná á gbé bàtà tó yẹ fún un.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, bàbá tó gbàgbé ìrìn rẹ̀ pariwo láti ilé rẹ̀: "Mo lọ! Mo rí ọmọ mi, ó ti ga jù mí lọ!" Íditì fi àáké sílẹ̀, ó ń fò sókè.

Láti ọjọ́ náà ni ará Rọ́ṣíà tó bá ń lọ ti ń bá Íditì rìn, tó sì jẹ́ pé Ṣọ́lì, ìyẹn "ó ti lọ", ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ bó bá ti lọ tó sì ti dé. Àwọn méjèèjì ò bá ara wọn tan títí dòní, síbẹ̀ ìrìn ẹnì kankan ò sọnù mọ́.