Odán Ojúlé Mẹ́ta

Igi tó jẹ́ ti gbogbo àdúgbò, ta ni kó máa bomi rin ín? Ẹ̀yin ọmọ, mi ò tíì mọ̀ ọ́n dòní. Ẹ sún mọ́ mi. Àlọ́ mi rè é o.

—Àlọ̀ọ̀.

Ó dá lórí Etu abiyamọ, Ọ̀yà àti Ọ̀kẹ́rẹ́. Igi odán kan ló ń ṣíji bo ojúlé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́dún tí ọ̀dá dá, kálukú ń da omi síwájú ilé tirẹ̀ kí eruku má baà sọ. Ẹ̀rù ń ba Etu kí oòrùn má pa ìkókó rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀yin aládùúgbò mi, ìdí igi ni ẹnu igi. Ta ló ń bu omi síbẹ̀?”

Ọ̀yà ní, “Ìyá ìkókó, àníyàn tìrẹ kì í sùn.”

Síbẹ̀, wọ́n gbà kí wọ́n yé da omi síwájú ilé, kí wọ́n máa pọnmi sí ìdí igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Etu ló kọ́kọ́ pọn, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Odán wa, mu o.
—Mu, má gbẹ.
Ọmọ mi ń bẹ lábẹ́ rẹ.
—Mu, má gbẹ.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀yà pọn ìdajì agbè. Lọ́jọ́ kẹta, Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, “Ṣé èmi nìkan ló ń jókòó níbẹ̀ ni?” Kò pọn rárá. Etu bá ń pọn tẹni mẹ́ta, ìdí igi ń rin gbingbin, ewé sì ń wọ́ dànù. Nígbà tí ẹ̀ka ṣófo, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó ń wá ibòji kiri.

Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, pé gbòǹgbò tíntìntín tó jìnnà sí ìdí ni igi fi ń mumi jù. Iwájú ilé wọn ni ẹnu odán náà wà.