Ìka Tí Àjàdí Tì Bọ Epo

Àjàdí jalè. Ìka kan péré ló tì bọ ìkòkò epo, ṣùgbọ́n olè kì í kéré títí kó di ìwà rere.

Òun ni àbíkẹ́yìn láàárín ọkùnrin márùn-ún tó wà ní Agboolé Olókè. Láti ayé baba wọn ni ìlú ti fi iṣẹ́ sísè epo àkọ́ṣe ọdọọdún sí wọn lọ́wọ́. Àṣà ibẹ̀ le. Bí wọ́n bá ti gbé epo kúrò lórí iná, gbogbo wọn á fi ọṣẹ dúdú wẹ̀, wọ́n á wọ aṣọ funfun, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan epo náà mọ́ títí ẹni tó dàgbà jù nílùú yóò fi tọ́ ọ wò. Ilé tó bá rú òfin yìí ti pàdánù iṣẹ́ náà títí láé nìyẹn.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, wọ́n ní kí Àjàdí ṣọ́ ìkòkò, kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ pe Ìyá Àgbà Ẹfúnyẹmí, ẹni tó dàgbà jù nílùú, wá. Iṣu sísun gbígbóná sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo iṣu, ó wo epo.

"Ìka kan kì í kúkú ṣe ọwọ́," ló wí fún ara rẹ̀. Ló bá ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi pa iṣu, ó gbé e mì.

Ibi tó ti fẹ́ nu ìka náà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò nù ún, àtàǹpàkò pọ́n. Ó fi ọwọ́ kejì nu àtàǹpàkò, ọwọ́ kejì ń dán. Bó ti gbúròó àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ó sáré ti ọwọ́ méjèèjì bọ igbá omi tó wà nítòsí. Omi lásán, kò sí ọṣẹ! Epo náà tẹ́ pẹrẹsẹ sójú omi, ó fẹ́lẹ́ títí ó fi ń dán bí ọrùn àdàbà. Àjàdí ní ó ti mọ́. Ó gbàgbé pé inú igbá yẹn kan náà ni gbogbo wọn yóò ti ṣan ọwọ́ níwájú ìlú.

Nígbà tí ìlú pé jọ, Oyèkànmí, ẹ̀gbọ́n wọn àgbà, ló kọ́kọ́ ṣan ọwọ́. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ìyá Àgbà wá mú ahá omi láti dán ọwọ́ wọn wò, nítorí ọwọ́ tó mọ́ ni omi máa ń tẹ́ lé. Ó kán omi sọ́wọ́ Oyèkànmí. Omi náà ká jọ róbótó, ó yí gbirigbiri, ó bọ́ sílẹ̀.

"Háà! Oyèkànmí, ṣé ọwọ́ nìyí àbí ewé kókò?"

"Ìyá, mi ò fọwọ́ kàn án!"

"Olè wo ló ń sọ pé òun fọwọ́ kàn án? Ẹni tó kàn!"

Bákan náà ló rí títí ó fi kan Àjàdí. Ẹnì kan kígbe láàárín èrò pé, "Ẹ bá wa bi wọ́n bóyá ó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò!" Ni gbogbo ìlú bá bú sẹ́rìn-ín.

Ọkàn Àjàdí balẹ̀ díẹ̀. Bí gbogbo wọn bá di olè, ta ni yóò mọ olè? Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ní, "Ẹ gbé ìkòkò náà fún Agboolé Odò, kí iṣẹ́ náà di tiwọn." Ni Oyèkànmí, ẹni tí kò purọ́ rí, bá ṣí fìlà, ó fi aṣọ funfun dọ̀bálẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Iṣu tí Àjàdí ti gbé mì há a láyà. Ó wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde. Ìyá, ẹ̀yin ará ìlú, èmi ni! Ìka kan ni mo tì bọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́ sínú igbá, igbá sì pín in kárí ilé. Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ baba wa jìyà ọ̀fun mi. Ẹ foríjì mí."

Ìyá Àgbà ní, "Ẹnu tó jẹ́wọ́ ti gba ilé rẹ̀ là, ẹ dá ìkòkò padà síbi tó wà. Ṣùgbọ́n ìwọ, Àjàdí, o kò ní ṣọ́ epo mọ́ láyé. Ìka wo ló jalè? Nà án sókè kí ìlú rí i."

Àjàdí gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Gbogbo ìka ló ń dán. Ó yẹ̀ wọ́n wò lọ, ó yẹ̀ wọ́n wò bọ̀, kò mọ èyí tí ì bá nà. "Ìyá," ló wí, omijé lójú rẹ̀, "ẹ bá mi foríji gbogbo wọn."

Ọ̀rọ̀ ìka Àjàdí yìí ló wà lọ́kàn àwọn àgbà nígbà tí wọ́n bá ń kìlọ̀ fún ọmọ ilé pé: bí ìka kan bá tọ́ epo, a máa ran gbogbo ìka yòókù.