Wàláà Tó Ń Gbóòórùn Imú

"Jẹ́ kí wọ́n máa yá a kà."

Ọ̀rọ̀ tí Àwẹ̀ró sọ kẹ́yìn fún Òkété, ọkọ rẹ̀, nìyẹn. Ìwé àlọ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló ń wí. Ó sọ ọ́ tán, ó kú.

Òkété sunkún. Ó sunkún títí èkùrọ́ fi ń wù ú jẹ. Ló bá da àwọn àlọ́ náà sínú àwọn wàláà tó ń tan ìmọ́lẹ̀ bíi fóònù, ó dáná sun ìwé náà, ó sì ń fi wàláà gba èkùrọ́ lọ́wọ́ àwọn ẹranko. Àlọ́ tí Àwẹ̀ró kọ nípa àwọn méjèèjì, òun fúnra rẹ̀ kò tíì kà á. Èkùrọ́ ló ń kó.

Wàláà náà kì í ṣí àfi tó bá gbóòórùn imú ẹni tó rà á. Èyí tí Erin rà gbóòórùn láti àárọ̀ di ọ̀sán, imú náà kò tètè tán.

Ẹkùn dé pẹ̀lú ọ̀fìnkìn.

"Òkété, wàláà ní òun ò mọ̀ mí!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Imú gbígbẹ lẹ fi rà á. Ẹ ra òmíràn fún èyí tó ń ṣomi."

Ẹkùn, tó ń gbé odindi ìgalà mì, sáré lọ kó èkùrọ́ wá. Ó fẹ́ mọ ìparí àlọ́.

Erin ní, "Ọmọ mi ńkọ́? Ṣé kò lè kà á nínú tèmi?"

"Ìyẹn ní imú tirẹ̀, bàbá."

"Àlọ́ tí a kò ní í pa fọ́mọ! Ṣé orí rẹ pé?" Erin bá lọ fi ẹnu pa á fún ọmọ rẹ̀.

Òkété fura. Ó pàṣẹ fún gbogbo wàláà: "Imú tó bá ní òórùn ilé ẹlòmíràn, ẹ ti ara yín pa mọ́ ọn títí ayé." Ló bá ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń gbóòórùn abíyá onílé láti mọ ẹni tó ti ilé ẹlòmíràn bọ̀.

Ìkookò rẹ́rìn-ín. "Gbọ́ ọ dáadáa o, ọ̀rẹ́. N kò wẹ̀ láti ìgbà òjò."

Nígbà tí Òkété padà délé, ilé dákẹ́. Àárò Àwẹ̀ró sọ ọ́. Ó na imú sí wàláà tirẹ̀, kó lè ka àlọ́ tó kọ nípa àwọn méjèèjì.

Wàláà ní, "Erin. Ẹkùn. Ìkookò tí kò wẹ̀. Ìwọ ta ni?"

"Èmi tí mo ṣe ọ́ ni!"

Wàláà ṣókùnkùn. Òkété fi ọṣẹ fọ imú, ó fi yanrìn ha á. Asán ni. Ìdí nìyẹn tí imú òkété fi ń gbọ̀n títí dòní.

Ẹni tó fẹ́ tilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ayé, kó kọ́kọ́ wo ibi tí òun dúró sí.

Erin mọ ìparí àlọ́ náà. Òkété kò tíì lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò tíì bẹ Ẹkùn pé kó pa á fún òun. Kò tíì fẹnu kan èkùrọ́ náà. Kò tíì ká ẹní tí Àwẹ̀ró ń sùn lé nílẹ̀.